Ẹsẹ̀ tó kán lẹ́nu iṣẹ́ ọlọ́pàá kì í ṣe ìsáǹsá

Kò sí ọ̀gá ọlọ́pàá tó máa kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé torí pé o ń tiro la ṣe ní kó o máa lọ. Wọn ò ní kọ ọ́ láéláé. Ohun tí wọ́n máa kọ ni pé o sá níṣẹ́, pé o ò sí lẹ́nu iṣẹ́ láìgba àyè, pé o ṣàìgbọràn sí ọ̀gá ẹ, wọ́n á wá fi kúẹ́rì, ìwé tó ní kó o wá ṣàlàyé ara ẹ, tì í lẹ́yìn, kúẹ́rì á di orderly room, ìyẹn ìgbẹ́jọ́ ìbániwí táwọn ọlọ́pàá ń ṣe láàárín ara wọn, orderly room á di ìwé lọ-gbélé-ẹ, owó oṣù á sì ti dúró kí gbogbo ìyẹn tó parí. Ẹni tó bá wá ka fáìlì yẹn lẹ́yìn ọdún márùn-ún, ọ̀lẹ ló máa rí níbẹ̀, kò ní rí aláìsàn rárá. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ èyí, torí ó ti dé ilé wa, mo sì ti wá rí i pé kì í ṣe ilé wa nìkan ló dé.

Bọ̀dá mi ọlọ́pàá ni, inspẹ́kítọ̀ ni, ọjọ́ ti pẹ́ tó ti wà lẹ́nu ẹ̀. Ògbómọ̀ṣọ́ níbí la dàgbà sí, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n ládùúgbò wa tó máa pè é lọ́lẹ. Wọ́n wà lórí pátíróò lóru kan lójú títì Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gba ọ̀nà yẹn ẹ mọ bó ṣe rí, tírélà níwájú tírélà lẹ́yìn, ibi tó dáa ń bẹ, ibi tí kòtò ti gbà tán náà ń bẹ, táyà ọkọ̀ wọn bẹ́, ọkọ̀ sì gbókìtì. Ẹnì kankan ò kú, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ṣùgbọ́n itan bọ̀dá mi kán, ọrùn ẹsẹ̀ ọ̀tún ẹ̀ náà fọ́. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n fi irin sínú itan, dókítà ní kò gbọdọ̀ fi ẹsẹ̀ yẹn tẹlẹ̀ títí òun á fi tún yẹ̀ ẹ́ wò.

Dókítà kọ ìwé pé kó má tíì lọ síṣẹ́, èyí táwọn ọlọ́pàá ń pè ní excuse duty. Ìyàwó bọ̀dá mi ló gbé e lọ sí téṣàn, ẹni tó bá ní kọ́ńtà gbà á, ó kí i kú wàhálà, ó ní àwọn ti gbọ́, kó bá àwọn kí ọ̀gá. Kò sẹ́ni tó lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà kankan fún un, òun náà ò sì mọ̀ pé ó yẹ kóun bèèrè, ta ló ń ronú òǹtẹ̀ nígbà tí ọkọ ẹ̀ wà lórí bẹ́ẹ̀dì. DPO, ìyẹn ọ̀gá téṣàn, tó wà níbẹ̀ nígbà yẹn mọ gbogbo bó ṣe ṣẹlẹ̀, kódà ó wá kí i ní ọsibítù. Ṣùgbọ́n wọ́n gbé DPO yẹn lọ síbòmíì, òmíràn dé, èyí tó dé wo orúkọ inú ìwé, ó rí orúkọ, kò rí èèyàn.

Bí kúẹ́rì ṣe dé ilé nìyẹn. Ọmọ iṣẹ́ kékeré kan ni wọ́n fi rán, ojú ń ti ọmọ náà débi pé ó dọ̀bálẹ̀ kó tó fún bọ̀dá mi níwèé. Mo ka ìwé yẹn lójú ara mi. Wọ́n ní kó ṣàlàyé láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún ìdí tí wọn ò fi ní bá a wí lórí pé ó pa iṣẹ́ tì. Ẹ wá wo ọjọ́ tí wọ́n kọ sínú ẹ̀ pé ó bẹ̀rẹ̀ sí í pa iṣẹ́ tì o: ọjọ́ kejì ìjàǹbá yẹn gan-an ni. Ọjọ́ tó wà ní ọsibítù tí wọ́n ń fa omi sí i lára tí kò tiẹ̀ mọ ẹni tó jókòó tì í. Ọkọ̀ ìjọba ló gbé e lọ síbi tó ti fara pa, àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ló gbé e kúrò nílẹ̀, inú ìwé àkọsílẹ̀ téṣàn náà ló sì wà pé ó jáde lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Síbẹ̀ ìwé ti sọ pé ìsáǹsá ni.

Nígbà tí ara ẹ̀ ń kọ́fẹ díẹ̀, òun fúnra ẹ̀ ló ní òun fẹ́ padà síṣẹ́, torí owó oṣù ti dúró, àwọn ọmọ sì wà níléèwé. Bàtà ni wàhálà àkọ́kọ́. Bàtà ọlọ́pàá yẹn le, ó sì ga kọjá ọrùn ẹsẹ̀. Láàárọ̀, á wọlé, tó bá fi máa di ọ̀sán ẹsẹ̀ ti wú sínú ẹ̀, tó bá délé kò ní ṣeé bọ́ àfi kí ìyàwó ẹ̀ tú gbogbo okùn ẹ̀ kúrò nínú ihò kọ̀ọ̀kan, kó wá máa mi bàtà náà díẹ̀díẹ̀, ọkùnrin ńlá á ki eyín bọ ètè, kò ní fẹ́ káwọn ọmọ gbọ́. Ló bá wọ sálúbàtà dúdú lọ síṣẹ́ lọ́jọ́ kan. Kúẹ́rì kejì, ó ní kò múra bó ṣe yẹ.

Ó wá lọ bá ọ̀gá, ó ní ọ̀gá mi sà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ n máa wà ní kọ́ńtà, mo mọ ìwé kọ, mo mọ bí wọ́n ṣe ń gba sítétímẹ́ǹtì, ẹ jẹ́ n máa ṣètò fáìlì fáwọn ọmọ tó ń lọ kọ́ọ̀tù. Ọ̀gá dá a lóhùn pé ọlọ́pàá tí ò lè sáré, kí lòun fẹ́ fi ṣe, tí ara ẹ̀ ò bá gbé e mọ́ kó kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀. Lọ́sẹ̀ yẹn náà ni wọ́n gbé e lọ sí roadblock, kó lọ máa dúró.

Ẹ jẹ́ n sọ ibi tí mo dúró sí. Mi ò sọ pé kí wọ́n máa fi ẹni tó ń rọ́pá rìn lé olè. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó bá ti wọ téṣàn rí mọ̀ pé ìdajì iṣẹ́ ibẹ̀ orí àga ni wọ́n ti ń ṣe é. Ẹni tó ń kọ̀wé ní kọ́ńtà ń bẹ, ẹni tó ń gbọ́ rédíò ń bẹ, ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀rí ẹjọ́ sínú yàrá ń bẹ, ẹni tó ń gba ẹjọ́ tọkọtaya àti ẹjọ́ onílé pẹ̀lú ayálégbé náà ń bẹ. Àwọn tí wọ́n wà nídìí iṣẹ́ wọ̀nyí, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló lè sáré o. Kí ló wá dé tí ẹni tí ò lè sáré ò lè bá ọ̀kan nínú wọn pààrọ̀? Kò ná ìjọba ní kọ́bọ̀.

Mo mọ ohun táwọn ọ̀gá máa sọ, mo sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọlọ́pàá míì tó jẹ́ èèyàn dáadáa. Wọ́n ní èèyàn ò tó ní téṣàn, wọ́n ní àwọn kan wà tó ń lọ ra excuse duty lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, tí wọ́n á máa ṣòwò nílé, tí wọ́n á ní ẹ̀yìn ń dun àwọn. Òótọ́ ni, irú wọn wà. Àmọ́ ìdí tí gbọ́ọ̀dù dókítà fi wà nìyẹn. Ohun tí ẹni tó fara pa ń sọ fún ọ̀gá ẹ̀ ni pé, tó o bá rò pé irọ́ ni mò ń pa, kọ̀wé kí wọ́n pè mí síwájú gbọ́ọ̀dù, kí dókítà mẹ́ta wò mí, kí wọ́n sọ bóyá mo lè ṣiṣẹ́, irú iṣẹ́ tí mo lè ṣe, àti ìgbà tí mo lè padà. DPO kì í ṣe dókítà. Kò lè dúró lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì kó fojú wọn ẹsẹ̀ èèyàn.

Níbi tọ́rọ̀ yìí dé ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí òfin, lọ́yà kan tó jẹ́ ọmọ ìjọ wa ló ràn mí lọ́wọ́, ẹni tó mọ̀ ọ́n lò ni. Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ni pé kọnsititúṣọ̀n wa ti ọdún 1999, abala 42 tó ní wọn ò gbọdọ̀ ya ọmọ Nàìjíríà sọ́tọ̀, ó ka ẹ̀yà, ó ka ibi téèyàn ti wá, ó ka akọ tàbí abo, ó ka ẹ̀sìn, ó ka ìṣèlú, kò dárúkọ ìpèníjà ara níbì kankan. Abala kan náà tún fàyè gba òfin tó bá ń ṣòdiwọ̀n irú ẹni tí wọ́n lè gbà sí iṣẹ́ ọlọ́pàá. Ó dáa, mo gbà, kí wọ́n wo ara èèyàn kí wọ́n tó gbà á. Àmọ́ bọ̀dá mi ti wọlé tipẹ́, ara ẹ̀ pé nígbà tó wọlé, inú iṣẹ́ yín ló ti kán.

Òfin tó wá dí ihò yẹn ni èyí tí wọ́n ń pè ní òfin 2018 tó lòdì sí yíya àwọn tó ní ìpèníjà ara sọ́tọ̀, ààrẹ Buhari ló buwọ́ lù ú ní January 2019. Abala 28 sọ pé ẹni tó ní ìpèníjà ara lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣiṣẹ́ bíi tàwọn ẹlòmíì, ẹni tó bá sì fi dù ú, ó kéré tán ₦250,000 ló máa san fún ẹni tó ṣe é sí. Abala 29 ní kí iléeṣẹ́ ìjọba rí i pé, bó bá ti lè ṣeé ṣe tó, ó kéré tán ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún òṣìṣẹ́ wọn jẹ́ àwọn tó ní ìpèníjà ara. Ẹ ro ìyẹn wò ná. Òfin ní kẹ́ ẹ lọ wá wọn níta wọlé, ẹ̀yin wá ń lé èyí tó ti wà nínú ilé yín síta! Nǹkan kan wà nínú òfin yẹn tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò kọbi ara sí, ìwé ẹ̀rí ìpèníjà ara. Ó lè jẹ́ ti ìgbà díẹ̀, ó lè jẹ́ ti títí láé, torí náà kò dìgbà tí wọ́n bá gé ẹsẹ̀ èèyàn kí òfin tó mọ̀ ọ́n. Ẹni tí ẹsẹ̀ ẹ̀ máa pẹ́ kó tó san náà lè béèrè fún un.

Ibi tí wọ́n ti ń gbọ́ ẹjọ́ ẹ̀ ni National Industrial Court, ìyẹn kọ́ọ̀tù àwọn òṣìṣẹ́. Àtúnṣe kẹta tí wọ́n ṣe sí kọnsititúṣọ̀n, tí wọ́n kọ abala 254C sí, ló fún kọ́ọ̀tù yìí nìkan lágbára lórí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, títí kan ìyàsọ́tọ̀ níbi iṣẹ́. Wọ́n ní ẹ̀ka n'Ìbàdàn, èèyàn ò ní láti dé Àbújá. Kẹ́ ẹ má sì rò pé kọ́ọ̀tù ń bẹ̀rù ọlọ́pàá. Ẹ ò rántí ọmọbìnrin ọlọ́pàá tí wọ́n lé ní Èkìtì ní 2021 torí pé ó lóyún tí kò tíì lọ́kọ? Kọ́ọ̀tù yìí kan náà, ti Àkúrẹ́, ló ní òfin ọlọ́pàá tí wọ́n fi lé e, Regulation 127, ìyàsọ́tọ̀ ni. Ọjọ́ pẹ́ tí òfin yẹn ti wà nínú ìwé wọn, tẹ́nikẹ́ni ò dá a dúró, àfi ìgbà tí ẹnì kan gbé e lọ sí kọ́ọ̀tù.

Lọ́yà yẹn wá kìlọ̀ fún wa lórí ọjọ́, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ ọ dáadáa. Òfin kan wà tó ń dáàbò bo òṣìṣẹ́ ìjọba, ó ní tó o bá máa pè wọ́n lẹ́jọ́, láàárín oṣù mẹ́ta ni. Ní 2018, kọ́ọ̀tù tó ga jù sọ pé òfin oṣù mẹ́ta yẹn ò kan ọ̀rọ̀ àdéhùn iṣẹ́, nínú ẹjọ́ míì lẹ́yìn ẹ̀ wọ́n tún lo òfin náà fún ẹni tí wọ́n lé níṣẹ́. Ẹ má wulẹ̀ dúró máa wo èyí tó máa borí. Ká máa bẹ ọ̀gá, ká máa wá ẹni tó mọ CP, ìyẹn ọ̀gá ọlọ́pàá ìpínlẹ̀, ká máa ní á dáa lágbára Ọlọ́run, oṣù mẹ́ta á ti lọ. Bẹ̀bẹ̀ tó o bá fẹ́, ṣùgbọ́n jẹ́ kí lọ́yà máa kọ̀wé bó o ṣe ń bẹ̀bẹ̀.

Àwọn kan máa ń sọ pé ìlú tí ò dáa nìkan lèyí ti lè ṣẹlẹ̀, pé lókè òkun wọn ò jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń ṣe é o! Ìlú ọba Gẹ̀ẹ́sì, títí di October 2004, òfin tó dáàbò bo àwọn tó ní ìpèníjà ara níbi iṣẹ́ ò kan ọlọ́pàá rárá. Obìnrin ọlọ́pàá kan wà níbẹ̀, Lisa Coffey, etí ẹ̀ ò gbọ́ tó bí wọ́n ṣe fẹ́ nínú ìwé, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dán an wò bó ṣe máa ṣe lẹ́nu iṣẹ́ gan-an, ó yege, ó sì ń jáde lọ ṣiṣẹ́ nígboro ní Wiltshire láìsí wàhálà. Ní 2013 ó fẹ́ kí wọ́n gbé òun lọ sí Norfolk, àwọn yẹn kọ̀, ẹ̀rù ń bà wọ́n pé etí ẹ̀ lè wá burú débi tí kò ní lè jáde mọ́. Ẹ gbọ́ ná, obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ẹ̀ pé pérépéré! Ní 2019 kọ́ọ̀tù kòtẹ́milọ́rùn ní ìyàsọ́tọ̀ ni wọ́n ṣe sí i, pé ohun tí wọ́n rò nípa ara ẹ̀ ni wọ́n fi ṣèdájọ́ ẹ̀, wọn ò wo ohun tó lè ṣe. Nígbà tí mo ka ìyẹn, ọ̀rọ̀ ọ̀gá bọ̀dá mi ló ń dún létí mi, ọlọ́pàá tí ò lè sáré. Ta ló dán an wò?

Èkejì tiẹ̀ jọ tiwa jù. Ọlọ́pàá obìnrin kan nílùú London, kọ́ọ̀tù ò dárúkọ ẹ̀, P ni wọ́n pè é, wọ́n lù ú lẹ́nu iṣẹ́, ó sì fi àárẹ̀ ọkàn sí i lára. Lẹ́yìn ìgbà yẹn ó ṣe ohun tí kò dáa, wọ́n gbé e síwájú ìgbìmọ̀ ìbániwí, wọ́n lé e. Nígbà tó ní àìsàn tí mo kó níbi iṣẹ́ yín ló mú mi ṣe é, pé ìyàsọ́tọ̀ ni, àwọn kọ́ọ̀tù ìsàlẹ̀ ní kò sáyè, ìdájọ́ ìgbìmọ̀ ò ṣeé yẹ̀ wò níbẹ̀. Ní 2017 kọ́ọ̀tù tó ga jù lọ́hùn-ún ní ó lẹ́tọ̀ọ́ kí wọ́n gbọ́ ẹjọ́ ẹ̀. Ohun tí mo mú níbẹ̀ ni pé wọn ò lè fi orderly room ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ̀rọ̀ àìsàn. Amẹ́ríkà ní tiwọn, láti 1993 ni òfin ti fún òṣìṣẹ́ tó bá ti pé ọdún kan lẹ́nu iṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ méjìlá láti fi tọ́jú ara ẹ̀ láìgba owó, iṣẹ́ ẹ̀ á sì dúró dè é, síbẹ̀ àwọn ọlọ́pàá wọn náà ò yé lọ sí kọ́ọ̀tù lórí ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan kù tó jẹ́ tiwa níbí, mi ò tíì rí ẹni tó sọ ọ́. Tí ẹsẹ̀ bá kán nílẹ̀ Yorùbá, ìdajì ẹbí ló máa ní ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń to eegun. Mi ò bú wọn, mo mọ àwọn tí wọ́n tò tó ń rìn dáadáa lónìí, màmá wa pàápàá bá wa jà pé a ò gbé bọ̀dá lọ. Ṣùgbọ́n baba tó ń to eegun ò ní òǹtẹ̀. Kò ní kọ excuse duty. Ọlọ́pàá tó bá lo oṣù mẹ́rin lábúlé lọ́dọ̀ ẹ̀, á san, á fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn padà sí téṣàn, á wá bá ìwé lílé níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá máa lọ síbẹ̀, ẹ kọ́kọ́ gba ọsibítù ìjọba kọjá, ẹ gba ìwé, kẹ́ ẹ fi ẹ̀dà lé téṣàn lọ́wọ́, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ti yín pẹ̀lú déètì àti orúkọ ẹni tó gbà á. Ìpè lórí fóònù kì í ṣe ìwé. WhatsApp sàn jù ú lọ díẹ̀, torí ó máa ń gbé déètì.

Àwọn kan ní kí ló dé tí kò kúkú fẹ̀yìn tì nítorí àìlera. Ọ̀nà yẹn wà lóòótọ́, òfin owó ìfẹ̀yìntì ti 2014 sọ pé ẹni tí gbọ́ọ̀dù dókítà bá ní ara ẹ̀ ò gbé iṣẹ́ mọ́ lè gba nínú owó ẹ̀ kó tó pé àádọ́ta ọdún. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà rí àwọn bàbá ọlọ́pàá tó fẹ̀yìn tì tí wọ́n jáde sígboro ní July 2025 nínú òjò, tí wọ́n ń ké pé owó tí wọ́n ń fún àwọn lábẹ́ ètò yẹn ò tó jẹun. Ta ló máa rí ìyẹn tó máa fẹ́ kí wọ́n tì í síbẹ̀ kí ọjọ́ ẹ̀ tó pé? Ẹni tó lè ṣiṣẹ́ tó sì ń bẹ̀bẹ̀ pé ẹ fún mi níṣẹ́ ṣe, ẹ máa fi dandan sọ ọ́ di ẹni tó ń gba owó ìfẹ̀yìntì.

Ní báyìí ṣá, bọ̀dá mi ti fèsì kúẹ́rì méjèèjì. A so ìwé ọsibítù, ìwé excuse duty, fọ́tò X-ray àti ojú ìwé àkọsílẹ̀ pátíróò alẹ́ ọjọ́ yẹn mọ́ ọn, ọlọ́pàá kan tó lójú àánú ló bá wa ya fọ́tò èyí tó kẹ́yìn yìí, mi ò ní dárúkọ ẹ̀ láéláé. Lẹ́tà ti lọ sọ́dọ̀ CP n'Ìbàdàn, ẹ̀dà ti lọ sí Police Service Commission, torí àwọn ni kọnsititúṣọ̀n fún lágbára láti gbani síṣẹ́ ọlọ́pàá àti láti léni. Nínú lẹ́tà yẹn a ò bẹ̀bẹ̀ fún ìdáríjì, torí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ohun mẹ́ta la béèrè fún: kí wọ́n gbé e síwájú gbọ́ọ̀dù dókítà, kí wọ́n fún un níṣẹ́ tí ara ẹ̀ lè gbé títí gbọ́ọ̀dù á fi sọ̀rọ̀, kí wọ́n sì san owó oṣù tí wọ́n dá dúró. Gbọ́ọ̀dù ti ránṣẹ́ pè é. Owó oṣù ò tíì wọlé. Tí kò bá sì wọlé kí oṣù mẹ́ta yẹn tó pé, ìwé ẹjọ́ ti wà lọ́wọ́ lọ́yà, orúkọ téṣàn, orúkọ ọ̀gá àti déètì kúẹ́rì ló kù kó fi tẹ̀ ẹ́ tán, Ìbàdàn la máa gbé e gbà.